Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan ní Ìlú Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ náà ni "free".

Ará Ṣáínà kan ni ó mú mi ronú kàn án. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó wá sí Ìbàdàn, èyí tí ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan kọ́, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí Mọníyà. Nígbà iṣẹ́ yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn ń gbé ní àdúgbò wa ní Bódìjà. Nígbà tí ó gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, ó bẹ̀ mí kí n máa kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́ nígboro ni ó ń kọ sínú ìwé kékeré kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣí ìwé náà, ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi." Mo wò ó. Gbólóhùn márùn-ún ni ó kọ síbẹ̀, "free" sì wà nínú gbogbo wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tí ó bá ra méjì, ẹ̀kẹta di "free". Lára ìgò ohun mímu, wọ́n kọ "sugar free". Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ bi í bóyá yóò "free" ní ọjọ́ Sátidé. Ó kà á nínú ìwé ìtàn pé Nàìjíríà di "free" ní 1960. Èyí tí ó wá pabanbarì ni ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan ní Dùgbẹ̀. Ó ń bèèrè ṣéńjì rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn títí, ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá jágbe mọ́ ọn pé, "Ọ̀gá, free me jàre!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú èdè àwọn, ohun tí a kò gba owó lé lórí ni "miǎnfèi", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a mú owó sísan kúrò lọ́rùn ẹni. Ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹlòmíràn ni "zìyóu". Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, "kòng" ni wọ́n ń lò fún un, bí ìgbà tí a sọ pé àyè ṣófo. Ohun mímu tí kò ní ṣúgà, "wú" ni wọ́n máa fi síwájú ṣúgà náà, ìyẹn ni pé kò sí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Báwo ni Òyìnbó ṣe kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan?

Mo sọ fún un pé kí ó fọkàn balẹ̀, bí ó ti rí fún àwọn ni ó rí fún àwa náà. Ọ̀fẹ́ ni ti ọjà. Òmìnira ni ti orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, a ní ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, tàbí ó ráyè. Èyí tí kò ní ṣúgà, kò ní ṣúgà náà ni. Ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ilé wa nìyẹn. Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe ni: fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n sinmi.

Mo wá fún un ní òfin méjì, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fetí sí i. Èkínní, ibi tí "free" bá dúró sí ni kí a wò. Bí ó bá ṣáájú orúkọ nǹkan, nǹkan náà ń bẹ, owó rẹ̀ ni kò sí: "free milk" ni mílíìkì ọ̀fẹ́. Bí ó bá tẹ̀ lé orúkọ nǹkan bí ìrù, nǹkan náà gan-an ni kò sí: "milk free" ni oúnjẹ tí a kò fi mílíìkì sí. Ọmọ tí ó bá ṣi èyí gbé, ebi lè pa á níbi tí ó ti ń retí mílíìkì. Èkejì, nígbàkígbà tí a bá pàdé ọ̀rọ̀ yìí, kí a bèèrè pé: a bọ́ lọ́wọ́ kí ni? Bí a bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, òmìnira ni. Bí a bá bọ́ lọ́wọ́ owó sísan, ọ̀fẹ́ ni. Bí a bá bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, ọwọ́ dilẹ̀ ni.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè, ó ní, "Tíṣà, bí èmi kò bá sanwó ìkẹta yẹn ní Challenge, ta ni ó san án?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá bàbá mi. N óò padà sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn tí wọ́n wádìí ìpilẹ̀ṣẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fi yé wa pé "free" àti "friend", tí í ṣe ọ̀rẹ́, orísun kan náà ni wọ́n ti wá, orísun tí ó jẹ mọ́ ìfẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹbí, àwọn ẹni ọ̀wọ́n inú ilé, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, láti yà wọ́n sọ́tọ̀ lára ẹrú tí ń gbé ilé kan náà. Lẹ́yìn náà ni ó wá di ti ohun tí a kò sanwó fún. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó yìí kò jìnnà sí tiwa? Nínú agbo ilé Yorùbá, ta ni a ń kà sí òdìkejì ẹrú? Ọmọ ni. Àwọn àgbà ní: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ìlú Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìlú jagunjagun ni wá fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún, kí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé ní 1893. Ogun ni ó ń kó ẹrú wọlé, ẹrú ni ó sì ń roko àwọn olóyè. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kú ní 1874, ní oko púpọ̀ àti ẹrú púpọ̀. Láàrin ẹrú àti ọmọ, ẹnì kan tún wà tí ó ń jẹ́ ìwọ̀fà. Bí bàbá bá yá owó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, a kì í tà á, ó ní ilé, ó sì ní ẹbí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú oko olówó, èlé owó lásán ni. Bí ó ti wù kí ó ṣe é pẹ́ tó, odindi owó tí wọ́n yá ṣì ń dúró dè é. Níbi tí owó kò bá tí ì tán, òmìnira kò tí ì pé. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1821, ogun kó ọmọdékùnrin kan ní Òṣoogùn, ní apá Ìsẹ́yìn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú yòókù sílẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Orúkọ ìlú náà gan-an ni "free". Ọmọdékùnrin yìí ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ó wà níwájú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì bá ti lo "free", wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan dí i káàkiri. Ẹni tí a tú sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú, òmìnira ni wọ́n lò fún un. Ohun tí Ọlọ́run fún ni láìgba kọ́bọ̀, wọ́n ní lọ́fẹ̀ẹ́. Àánú Rẹ̀ tí a kò lè fi owó rà, oore-ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òun mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ lè wà nínú àgọ́ ẹrú, kí òmìnira má sì sí níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìwé wá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1853 ni David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé láti máa gbé ìlú yìí, wọ́n sì fi ilé-ìwé lélẹ̀ ní Kúdẹtì. Wọn kò gba owó ilé-ìwé. Ìyá Òyìnbó náà tilẹ̀ ń bọ́ àwọn ọmọ, ó ń daṣọ bò wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí kò fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìwé yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ tàbí kí ó gbé e lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ wọn fún wọn, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àwọn ará ìlú ronú bí ará Ṣáínà mi ti ronú: ohun tí wọn kò gba owó lé, kí ni wọ́n fẹ́ gbà lórí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fo ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù keje 1952, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, gbé ètò kan wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn níhìn-ín ní Ìbàdàn pé kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Ìjọba bu owó kan lé owó orí, bíi ṣílè mẹ́wàá, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo sọ káàkiri. Àwọn ènìyàn ní, "Ẹ ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì ní ká mú owó wá!" Ní ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó orí yìí sì wà lára ohun tí àwọn alátakò fi bá a jà. Síbẹ̀ ìjọba kò padà sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Ní 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀, ní abúlé kan lọ́nà Akánrán. Kò sí ìwé ìbí nígbà náà. Wọ́n ní kí ọmọ fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí rẹ̀ kọjá kan etí òsì. Ọwọ́ bàbá mi kàn án, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀. Bàbá àgbà bi tíṣà léèrè pé, "Èló ni?" Tíṣà ní, "Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá." Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dára. Ta ni ó wá sanwó rẹ̀?" Tíṣà ní ìjọba ni. Bàbá ní, "Ibo ni ìjọba gbin kòkó tirẹ̀ sí?"

Títí ó fi kú ni ó fi ń sọ ìtàn yìí, àwa ọmọ a sì máa rẹ́rìn-ín. Àgbà tí mo dà ni mo tó mọ̀ pé Bàbá kò ṣàwàdà. Ìgbìmọ̀ Ìtajà ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà, iye tí wọ́n sì ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Wọ́n fi èrè náà pamọ́, lára rẹ̀ ni ìjọba sì ti ń rí owó fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Nítorí náà, àgbẹ̀ san owó orí ní gbangba, ó tún san òmíràn láìmọ̀ níbi ìwọ̀n kòkó. Ilé gíga tí ó dúró ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, a kò ṣèèṣì pè é ní Ilé Kòkó. Bí àwọn ará oko bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé orí sókè, òógùn wọn ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò wí pé ètò náà kò dára. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àgbẹ̀ tí kò bí ọmọ bá ẹni tí ó bí mẹ́wàá gbé ẹrù, ọmọ tálákà sì jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú ọmọ olóyè. Bí kò bá sí ọdún 1955 yẹn, bàbá mi ì bá má mọ ìwé, èmi náà ì bá má jókòó síwájú ẹ̀rọ yìí lálẹ́ òní. Ohun tí mo ń wí ni pé a san án.

Nígbà tí a gbàgbé pé a san án ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Àwọn ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ. Wọ́n sáré kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà ni ó wọ kíláàsì. Ìgbìmọ̀ Banjo, tí ìjọba yàn láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò, jábọ̀ ní 1961, ó sì ka àìtó tíṣà tí ó mọṣẹ́ sí ìdí pàtàkì kan tí ẹ̀kọ́ fi ń rẹlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà kò gbàgbé ohun tí wọ́n ń san. Ní 1968 àti 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní àwọn oko Ìbàdàn àti káàkiri. Wọ́n ní ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn yóò san ní owó orí, wọn kò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn, àwọn kò sì rí ọ̀nà tí ó dára dé oko. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó náà kù. Ìbéèrè bàbá àgbà kan náà ni, ìbọn ni wọ́n fi bèèrè rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti lọ, ó ti bọ̀. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1976. Ní 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nà án dé ilé-ìwé girama. Ní 1999, ìjọba àpapọ̀ tún kéde òmíràn. Èmi lọ sí ilé-ìwé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé 1983, nígbà tí sójà wà lórí àga. Wọ́n ṣì ń pè é ní ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó yìí kò gbẹ́yìn owó yẹn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n lé mi jáde ní kíláàsì nítorí n kò mú àga wá láti ilé. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo ń fi ojú gba ìṣirò lórí pátákó. Mo bi ara mi pé, irú ọ̀fẹ́ wo nìyí?

Nísinsìnyí tí mo ń kọ́ àwọn tí yóò di tíṣà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ tí ó ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí òrùlé kíláàsì bá ń jò, bí ọmọ bá dé ìwé kẹfà tí kò lè ka ìwé Aláwìíyé, òbí yóò ní, "Kí la fẹ́ ṣe? Ṣebí ọ̀fẹ́ ni." Tíṣà náà yóò ní, "Ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀." Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ọlá yẹn di ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Ẹni tí ó gbà pé òun ń gba ọrẹ kì í bèèrè bí ó ti yẹ kí ó rí. Ó ń dúpẹ́ ni, ó ń wo ilẹ̀. Bí ìwọ̀fà ni ó rí: ó ń sìn, kò sì mọ iye tí ó ti san.

Ní Ring Road, pápá ìṣeré ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni ó ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n Liberty ni wọ́n sọ ọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Òmìnira nìyẹn. Àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kún ní 1955 ṣáájú rẹ̀ ní ọdún márùn-ún. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Yorùbá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí a lè rí ọ̀kan kí a má rí èkejì. Ṣùgbọ́n ohun kan so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó ní òmìnira ni ó lè dìde kí ó bèèrè ohun tí wọ́n fi owó òun ṣe. Ẹrú kò lè bèèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú ọmọ yín lọ sí ilé-ìwé ìjọba lọ́la, ní Agbowó tàbí ní ibikíbi, ẹ má fi ojú ọlọ́rẹ wọ ọgbà náà. Ẹ bèèrè ta ni tíṣà ọmọ yín. Ẹ bèèrè ìwé tí ó ń kà. Ẹ wo òrùlé. Ẹ ti san án, àwọn bàbá yín náà ti san án pẹ̀lú kòkó.

Ará Ṣáínà mi ti padà sílé. Kí ó tó lọ, ó mú àpò tíì kan wá fún mi. Mo bi í pé èló ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, free ni." Mo ní, "Ta ni ó sanwó rẹ̀?" Ó ní, "Èmi ni." Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ náà ti yé e.

Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin ará. Ilẹ̀ á mọ́ bá wa o.